Wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ igbó: bí o ṣe máa ṣe é

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ ipasẹ̀ kí wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá. Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, inú igbó ni mo wà, inú igbó náà ni mo sì fẹ́ máa wà lọ. Wọ́n fún mi ní ẹ̀ṣọ́ méjìlá. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni mo ń ṣe: èmi ni mo ń ṣáájú, èmi ni mo ń kọ́kọ́ la odò kọjá, èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbá afurasí mú. Oṣù mẹ́ta kò pé tí a fi mú ènìyàn mẹ́sàn-án. Mo wá ń rìn bí ẹni tó pa ẹkùn. (Mo mọ̀, kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu ẹ̀ṣọ́ ẹranko jáde, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára mi nìyẹn.)

Ká tó wí ká tó fọ̀, ilé ẹjọ́ ti dá méje nínú wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pàdé mi lójú títì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kí mi tọkàntọkàn ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, kò wá sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀ṣọ́ ló ń múni. Ọ̀gá ló ń rí i pé ohun tí ẹ̀ṣọ́ ṣe nínú igbó dé iwájú adájọ́ láìfọ́, àti pé ẹ̀ṣọ́ tó jáde láàárọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ipò yìí fún, inú àwọn méjèèjì yìí ló wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó jáde

Kọ àṣẹ ìrìn sílẹ̀, má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ojú ewé kan ti tó: àwọn tó ń lọ, ẹni tó jẹ́ olórí wọn, ibi tí wọ́n ń lọ, iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò, aago tí wọ́n máa pè lórí rédíò, àti ohun tí ìwọ máa ṣe bí o kò bá gbúròó wọn. Ti ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń fò. Báyìí ni èmi ṣe ń kọ tèmi: bí wọn kò bá pè lẹ́ẹ̀kan, mo dúró, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì léra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó máa wá wọn lọ jọ, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí àyà rẹ bá ń já, orí rẹ kò ní pé tó láti ro ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìwé yẹn ti bá ọ rò ó tẹ́lẹ̀.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà títí di ìgbà tí wọ́n bá ń jáde. Sáà kan wà tí a ń lọ tí a ń bọ̀ tí a kò bá ẹnikẹ́ni. Iná tí wọ́n fi yan ẹran la máa ń bá, eérú rẹ̀ á ṣì gbóná. Ẹnìkan láàárín wa ń ta wọ́n lólobó. Mi ò wá ẹni náà rí. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀nà sínú àpòòwé tí mo lẹ̀ pa, olórí ikọ̀ á ṣí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu géètì, lẹ́yìn tí mo ti gba fóònù ti ara gbogbo wọn, tí mo sì ti kó tèmi náà mọ́ ọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi bá ènìyàn nídìí iná. Má sì máa jáde lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń fi wáyà dẹ pàkúté mọ ọjọ́ ìjáde yín ju ẹ̀yin gan-an lọ.

Ní ti ìbọn, ka ọta kí wọ́n tó lọ, kà á nígbà tí wọ́n bá dé, kí ènìyàn méjì sì buwọ́ lù ú. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí bí agbófinró ṣe lè lo agbára àti ìbọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Havana lọ́dún 1990, kò fi ọ̀rọ̀ ìwọ tí o jẹ́ ọ̀gá sílẹ̀: bí o bá mọ̀, tàbí bí ó bá yẹ kí o mọ̀, pé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ ń lo agbára lọ́nà àìtọ́, tí o kò sì ṣe ohun tí agbára rẹ ká láti dá a dúró, ẹ̀bi náà kàn ọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ikọ̀ bá fẹ́ jáde ni mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Ó ń sá lọ, ẹ̀yìn ló kọ sí ọ, ẹran wà léjìká rẹ̀. Kí lo máa ṣe?" Èyí tó kéré jù ni mo máa ń kọ́kọ́ bi. Bí àgbà bá ti dáhùn tán, ohun tó sọ ni gbogbo wọn máa tún sọ, o kò sì ní mọ èyí tó lè yìnbọn lù ènìyàn lẹ́yìn. Ìdáhùn tí mo ń retí ni pé kí ó jẹ́ kó lọ. Ipasẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹran tó jù sílẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Nídìí òkú ẹran

Bí wọ́n bá pè ọ́ lórí rédíò pé àwọn rí òkú erin, dá wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Kí ẹnìkan ṣoṣo gba ojú ọ̀nà kan wọlé, kí ó sì gba ibẹ̀ náà jáde. Mo ti dé ìdí òkú kan rí tí ó jẹ́ pé bàtà wa nìkan ni mo rí nílẹ̀. Bàtà ẹni tó pa erin náà wà níbẹ̀, lábẹ́ tiwa.

Kí wọ́n ya fọ́tò kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun: láti òkèèrè, láti àárín, láti ìtòsí, kí rúlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń yà. Àáké tàbí àdá tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má nù ún. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, inú àpò bébà ni kó wọ̀. Láìlọ́ọ̀nù máa ń mú un làágùn, ó máa hu, DNA tó wà lára rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ mo ti rí ẹjọ́ tó kú sínú láìlọ́ọ̀nù.

Ẹ̀ṣọ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í fọhùn. Bí ikọ̀ bá dé, mo máa ń jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan gbogbo wọn ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ó kan òun. Ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò rí igún."

Mo ní, "Igún wo?"

Ó ní, "Èyíkéyìí. Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹyọ kan lójú ọ̀run."

Inú fẹ́ bí mi, torí ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, a padà lọ. Abẹ́ igi kan la ti bá wọn, igún méje, ìyẹ́ wọn tẹ́ sílẹ̀ gbalaja bí ìgbà tí ènìyàn sá aṣọ. Ẹfọ̀n tí wọ́n pa kò ju ìwọ̀n ìjùkò méjì síbẹ̀. Àwọn tó pa á ti fi májèlé sí i, torí igún tó bá ń yí lójú ọ̀run ló ń fi ibi tí wọ́n wà hàn. Ní Botswana, lóṣù kẹfà ọdún 2019, igún 537 ló kú nídìí òkú erin mẹ́ta tí wọ́n fi májèlé sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ìbéèrè kan kún tèmi: kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí? Bí o bá sì bá òkú igún nínú igbó, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án, kí ẹ má sì mu omi tó wà nítòsí.

Tábìlì alẹ́

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí, torí ibí ni mo ti jìyà.

Àpò ìpẹ́ akíkà méjì la gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Òjò ti pa gbogbo wa. Nígbà tí a máa fi dé àgọ́, ilẹ̀ ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì kan ló kù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Mo gbé àpò àkọ́kọ́ kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ẹnìkan tan iná sí i, ẹnìkan ń kọ. Kìlógírámù 31. Mo fi èdìdì dí ẹnu àpò, mo ka nọ́ńbà èdìdì náà sókè. Ẹni tó ń kọ gbọ́ mi dáadáa, ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ 7 rẹ̀, igi gígùn kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ebi ń pa wá. A lọ sùn.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní kí wọ́n gbé àpò náà wá síwájú ilé ẹjọ́. Ó ka nọ́ńbà tó wà lára èdìdì. Ó ka èyí tó wà nínú ìwé wa. Ó ní, "Èyí ní 7. Ìwé yín ní 1. Àpò wo lẹ gbé wá?" Kí n tó dáhùn, ó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kìlógírámù 28. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Kìlógírámù mẹ́ta dà, ọ̀gá?"

Omi ni. Ìpẹ́ náà tutù rin lálẹ́ ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, ó sì ti gbẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà pẹ̀lú mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó kọ "ó tutù" sílẹ̀. Ọkùnrin náà lọ sílé rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tí mo ti ń ṣe látìgbà náà nìyí. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀: 7, méje. Ẹni tó kọ ọ́ máa ń kà á padà sókè fún ẹni tó pè é. A máa ń gbé èdìdì sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé náà, a máa ń ya méjèèjì pọ̀ nínú fọ́tò kan. A máa ń kọ bí nǹkan ṣe rí: ó tutù, ó gbẹ, ẹran ṣì wà lára rẹ̀, ó ń rùn. Gbogbo ọwọ́ tó bá gbà á ló ń kọ orúkọ, aago àti ìdí tó fi gbà á. Bí ọwọ́ bá ṣe kéré tó ni ìbéèrè agbẹjọ́rò ṣe máa kéré tó. Tiwa kì í ju mẹ́rin lọ láti inú igbó dé ilé ẹjọ́. Láràárọ̀ ni a sì ń wo aago gbogbo fóònù àti GPS pọ̀. Wọ́n ti bi mí rí nínú ilé ẹjọ́ pé báwo ni afurasí kan ṣe wọ igbó lẹ́yìn tí a ti mú un tán. Aago GPS wa wà lórí aago àgbáyé, ti fóònù sì wà lórí aago ilé.

Bí eyín erin bá wà nínú ẹrù, afurasí lè sọ pé egungun ni, tàbí pé ti mammoth ni, erin ayé àtijọ́ tó ti kú run. Bí wọ́n bá gé e ní ìbú, wo ìlà tín-tín tó ń kọjá lára wọn nítòsí ẹ̀gbẹ́ ìta. Bí igun tí àwọn ìlà náà ń pa bá fẹ̀ ju ìwọ̀n 115 lọ, ti erin òde òní ni. Bí kò bá tó 90, ti mammoth ni. Èyí tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì lè jẹ́ ti èyíkéyìí. Fi ìyẹn pinnu bóyá kí o di ẹrù náà mú, má fi jẹ́rìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó jẹ́rìí. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé díẹ̀ nínú eyín "láti fi hàn àwọn ọ̀gá lókè". Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Samuel Wasser àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní University of Washington ti fi DNA so eyín méjì tó jẹ́ ti erin kan náà pọ̀, tó jẹ́ pé inú ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti rí wọn, wọ́n sì ti bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan náà ló kó ẹrù méjèèjì. Eyín kan tó sọnù lọ́wọ́ rẹ lè jẹ́ ìkejì èyí tí wọ́n ń wá níbòmíràn.

Ẹran tó bá wà láàyè, pe dókítà ẹranko kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Akíkà kì í pẹ́ kú lọ́wọ́ ènìyàn. Ya fọ́tò rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì bẹ ilé ẹjọ́ fún àṣẹ láti dá a padà sí igbó tàbí ibi ìtọ́jú, kí fọ́tò dúró fún un. Ẹ̀rí tó bá kú sínú àgò kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Orúkọ ẹran nínú ìwé ẹ̀sùn

Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ti ilẹ̀ rẹ ni kí o há sórí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò mọ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, máa ń kọ ìwé ẹ̀sùn tó fẹ́lẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà ní Washington ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1973, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1975. Àkójọ mẹ́ta ló ní, ti àkọ́kọ́ ló le jù. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Johannesburg lọ́dún 2016, wọ́n kó oríṣi akíkà mẹ́jọ tó wà láyé sínú àkọ́kọ́ yìí, wọ́n sì gbé odídẹrẹ́ náà síbẹ̀. Nítorí náà má kọ "ẹran ìgbẹ́ kan" sínú ìwé ẹ̀sùn. Kọ orúkọ rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, bíi Psittacus erithacus fún odídẹrẹ́, kí agbẹjọ́rò má rí ibi yọ́ gbà. Àmọ́ fi èyí sọ́kàn: òwò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ni CITES ń ṣàkóso, kì í ṣe òun ló fún ọ láṣẹ láti de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ rẹ ló fún ọ. Mo ti gbọ́ tí ọ̀gá kan dá CITES lóhùn bí ẹni ń ka àdúrà níwájú adájọ́, adájọ́ náà wò ó pé, "Ó dáa. Abala wo nínú òfin wa?"

Ìṣirò

Lóṣù kan a tú wáyà 40, lóṣù kejì a tú 60. Wọ́n pè mí láti òkè pé wáyà ń pọ̀ sí i lágbègbè mi, kí ni mò ń ṣe? Mo ṣí ìwé. Oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ 8 la fi rìn. Oṣù kejì, ọjọ́ 20. Márùn-ún lójúmọ́ ti di mẹ́ta. Má fi iye wáyà ránṣẹ́ láìfi iye ọjọ́ tàbí kìlómítà kún un. Ọ̀fẹ́ ni SMART, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn ẹ̀ṣọ́, orí fóònù iṣẹ́ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, ó sì ń bá ọ yà á sórí máàpù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn fẹ́ràn ọ̀nà tó tẹ́jú. Ibi tí máàpù bá funfun lóṣooṣù, má sọ pé ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni kí o rán wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ìwọ náà bá wọn lọ, torí òkè ibẹ̀ ga.

Àwọn ènìyàn rẹ

Ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí bàtà rẹ̀ ti ya, tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé, òun gan-an ni olówó ń wá. Mo máa ń mọ orúkọ ọmọ wọn. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń ṣe bí ìyá ìjọ. Ó dáa. Ẹni tí wọ́n fi rìbá lọ̀ ló ń wá sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó mọ̀ pé mi ò ní kọ́kọ́ fura sí òun. Jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ náà kọ tìrẹ, ẹ buwọ́ lù ú. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ lọ́la, ìwé wà.

Ẹni tó ń ta yín lólobó, nọ́ńbà ni kó ní nínú ìwé, kì í ṣe orúkọ. Orúkọ rẹ̀ wà níbi kan ṣoṣo tí a tì pa. Má dá nìkan pàdé rẹ̀, má sì dá nìkan fún un lówó. Ènìyàn méjì ni kó buwọ́ lù ú. Kí o sì máa bi ara rẹ léèrè ìdí tó fi ń sọ fún ọ. Ọ̀kan tó dára jù nínú àwọn tèmi, ọdún kan gbáko ló fi tọ́ka àwọn ọdẹ olè fún wa. Àwọn tó ń bá a du ọjà ni gbogbo wọn. Òótọ́ ni ohun tó sọ, a sì mú wọn, ṣùgbọ́n òun náà la mú kẹ́yìn.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 31 oṣù keje, àwọn ẹ̀ṣọ́ jákèjádò ayé máa ń rántí àwọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀. Àwa náà máa ń tò, a máa ń ka orúkọ méjì. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo buwọ́ lu àṣẹ ìrìn rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ àti yàrá ẹ̀rí

Kí ẹ̀ṣọ́ tó lọ jẹ́rìí, jókòó tì í, kí ó ka ìwé ara rẹ̀ sókè. Má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Kọ́ ọ pé "mi ò mọ̀" jẹ́ ìdáhùn, àti pé kí ó dúró kí ìbéèrè parí kó tó la ẹnu. Lẹ́yìn ìdájọ́, pe gbogbo ikọ̀ jọ, kí o sọ ibi tó já sí fún wọn, pàápàá bí ó bá já sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ìdí tí ẹjọ́ rẹ̀ fi kú, bó ṣe ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ló máa tún un ṣe.

Ẹ̀rí kò parí níbi ìdájọ́. Àwọn eyín àti ìpẹ́ tí ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé, yàrá kan ni wọ́n wà, wọ́n sì níye lórí fún olè bákan náà. Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tiwa, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ mi, ìkejì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lábẹ́ mi. Kò sí ẹni tó lè dá nìkan wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, a ó kà wọ́n.

Ọjọ́ tí mo gbé ipò náà sílẹ̀, kíka yàrá yẹn ló pẹ́ jù. Láti aago méje àárọ̀ títí iná fi tàn lálẹ́. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ mi ń yẹ èdìdì wò, ó ń pè é, èmi ń kọ. Èyí tí kì í fọhùn yẹn ni. Ó dé ìdí àpò kan, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn, ó wo nọ́ńbà náà títí, ó ní, "7. Méje, ọ̀gá." Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á padà fún un.